Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀kọ́ Dáyálísísì Ilé Dé Orí Fóònù ní Yorùbá, Kí Ó sì Dé Lásìkò

Sí Olóòtú,

Bí ìwé ìròyìn Yorùbá bá ti mẹ́nu ba àrùn kíndìnrín, orí owó ló máa ń parí sí: iye tí wọ́n ń gbà láti fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń tọrọ owó lórí rédíò, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Íńdíà. A ò ní kí ẹ má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Birmingham àti Manchester, tí NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń san owó dáyálísísì wọn (ìyẹn fífọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kíndìnrín kò lè ṣe é mọ́), ní ìṣòro mìíràn tí kì í ṣe ti owó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ dáadáa pé èèyàn lè ṣe dáyálísísì nínú ilé ara rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Nọ́ọ̀sì ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí, iṣẹ́ wa sì ni láti kọ́ àwọn aláìsàn ní dáyálísísì ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Yorùbá, tó máa fi iṣẹ́ náà hàn bó ṣe rí gan-an, tí aláìsàn yóò sì rí wò kí wọ́n tó ki rọ́bà bọ iṣan ọrùn rẹ̀ ní pàjáwìrì.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ni kí a fi ṣáájú. Nọ́ńbà kan wà lórí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní eGFR. Òun ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Bó bá ti wálẹ̀ sí abẹ́ 30, ìpele kẹrin nìyẹn. Bó bá bọ́ sí abẹ́ 15, ó ti di ìpele karùn-ún. Kì í ṣe ọjọ́ tó bá kan 15 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ dáyálísísì o. Ìlànà ọdún 2018 láti ọ̀dọ̀ NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú, tí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé, sọ pé ẹni tí ara kò ni lè dúró títí yóò fi dé nǹkan bíi 5 sí 7. Ẹni tí èébì, àìlèjẹun, ara yíyún tàbí ara wíwú bá ń dà láàmú yóò tètè bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà kan náà ní kí ìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1 ṣáájú, ó kéré tán. Ìdí rẹ̀ rèé: físítúlà apá, níbi tí wọ́n ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ kí abẹ́rẹ́ dáyálísísì lè rí ibi wọ̀, ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é ní nǹkan bí oṣù 6 ṣáájú, rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe dáyálísísì inú ikùn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí kò lè mí dáadáa mọ́ kò ní àyè fún ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n á ki rọ́bà bọ iṣan ńlá ọrùn rẹ̀, wọ́n á gbé e sídìí ẹ̀rọ, kó sì tó mọ ohun tó ń lọ, àga ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì ti di tirẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àga ọ̀hún á ti mọ́ ọn lára, kò sì sẹ́ni tó máa tún bi í léèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè béèrè. Pé pàjáwìrì lẹ fi bẹ̀rẹ̀ kò ní kí ẹ má padà sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe ń rò lọ. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí ń ba kíndìnrín jẹ́, ní ọdún 2010 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí àyípadà méjì nínú jíìnì APOL1 tó ń jẹ́ kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ lára ẹni tó bá jogún wọn lọ́dọ̀ baba àti lọ́dọ̀ ìyá. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti wọ́pọ̀, Yorùbá sì wà lára àwọn tí wọ́n pọ̀ lára wọn jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún wọn ni àrùn ń mú. Síbẹ̀, ẹ̀yà tí irú èyí ń bá jà yẹ kó rí ẹ̀kọ́ gbà ní èdè ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ò ní purọ́. Ní Amẹ́ríkà, Medical Education Institute ṣe ojú ìwé kan tí wọ́n pè ní My Life, My Dialysis Choice: aláìsàn á yan ohun tó jẹ ẹ́ lógún, ì báà ṣe iṣẹ́, oorun, ìrìnàjò tàbí oúnjẹ, ojú ìwé náà á sì fi hàn án bí irú dáyálísísì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe kan ohun tó yàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yorkshire Dialysis Decision Aid wà, tó to àwọn ọ̀nà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìgbè sẹ́yìn ìkankan. Iṣẹ́ gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí Yorùbá nìkan yé kò lè dá kà wọ́n. Àwọn fídíò kéékèèké tó kù, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń fi hàn. Ta ló ń fi páálí omi dáyálísísì tó kún ilé hàn?

Ọ̀rọ̀ páálí kì í ṣe àwàdà. Oríṣi dáyálísísì ilé méjì ló wà, ti inú ikùn àti ti ẹ̀jẹ̀. Nínú ti inú ikùn, ẹ̀jẹ̀ kì í jáde kúrò lára rárá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ìfun àti ògiri ikùn nínú, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, awọ yìí ló máa ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ á ki rọ́bà rírọ̀ kan sínú ikùn nítòsí ìdodo, á jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yọ síta. Omi tó ní iyọ̀ àti ṣúgà á gba ibẹ̀ wọlé, á jókòó fún wákàtí 4 sí 6, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ á bọ́ sínú rẹ̀, ṣúgà á sì fa omi tó pọ̀ jù lára mọ́ra; lẹ́yìn náà ẹ ó tú u jáde, ẹ ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ pààrọ̀ omi, tí wọ́n ń pè ní CAPD, sábà máa ń ṣe é ní ìgbà 4 lójúmọ́, líta 2 lẹ́ẹ̀kan. Líta 8 lójúmọ́ nìyẹn. Lóṣù kan, ó di líta 240, ó sì ju kílò 240 lọ tí a bá ka ike àti páálí mọ́ ọn. Nínú fúláàtì oníyàrá kan ní Peckham, ibo lẹ máa kó o sí? Ẹ̀kọ́ tí kò dáhùn ìbéèrè yìí ti tan aláìsàn jẹ. Ìdáhùn sì wà: ẹ lè ní kí wọ́n máa gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, awakọ̀ tó kó o wá ló máa gbé e dé yàrá tí ẹ bá tọ́ka sí, nítorí ẹni tó ní omi nínú ikùn kò gbọ́dọ̀ máa gbé ẹrù wúwo, kó má baà di ìpákè, ibi gbígbẹ ni kí ẹ tò ó sí, kó má fara kan ẹ̀rọ amúlé-móoru, kó má sì wà nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé tí òtútù ti ń di yìnyín.

Pípààrọ̀ omi fúnra rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, kí ológbò jáde. Ẹ nu tábìlì, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, ẹ sì nù ún gbẹ, nítorí ọwọ́ tútù ń gbé kòkòrò rìn. Ẹ wo àpò omi: ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, bóyá ó ń jò, bóyá omi rẹ̀ mọ́, àti ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀, 1.36, 2.27 àti 3.86 nínú ọgọ́rùn-ún; ilé-iṣẹ́ mìíràn lè kọ 1.5, 2.5 àti 4.25 fún ohun kan náà, nítorí bí wọ́n ṣe ń ka ṣúgà náà yàtọ̀. Àwọ̀ ìdérí kì í bára mu láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, nọ́ńbà ni kí ẹ kà. Bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó ni omi tó máa fà kúrò lára ṣe máa pọ̀ tó, èyí tó lágbára jù kò sì wà fún lílò lójoojúmọ́ láìgba àṣẹ. Orí àwo amóoru oníná tí kì í lo omi ni kí ẹ ti mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má ri í sínú omi gbígbóná, kòkòrò inú omi á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gbé e sínú máíkírówéfù, apá kan á gbóná janjan, apá kejì á tutù.

Bí ẹnu rọ́bà tàbí ẹnu àpò bá ṣèèṣì kan ìka, aṣọ tàbí tábìlì kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, ẹ tì í pa, ẹ má jẹ́ kí omi wọlé, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá dákẹ́ nítorí ìtìjú ló máa ń padà wá pẹ̀lú inú rírun.

Omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Ẹ gbé àpò náà lé ojú ìwé ìròyìn yìí: bí ẹ bá lè ka lẹ́tà abẹ́ rẹ̀, kò séwu. Bó bá dà bí omi ògì, àkóràn inú ikùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, bí inú ò tilẹ̀ tíì run yín. Ẹ má da omi náà nù. Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì gbé àpò náà dání. Wọ́n á ka ẹ̀jẹ̀ funfun inú rẹ̀. Bó bá ju 100 lọ nínú máíkírólítà kan, tí ó ju ìdajì lọ nínú wọn tó jẹ́ irú tó ń jáde bá kòkòrò jà, ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀ kíá, inú omi dáyálísísì gan-an ni wọ́n sì sábà ń fi òògùn sí, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ìlànà tí ISPD, ẹgbẹ́ àgbáyé fún dáyálísísì inú ikùn, gbé jáde ní 2022 ní kí ilé ìwòsàn kan má ṣe jẹ́ kí àkóràn yìí ju 0.4 lọ fún aláìsàn kan lọ́dún, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún 5. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ilé ìwòsàn yín léèrè iye tiwọn kí ẹ tó yàn.

Ohun tó ń da àwọn aláìsàn láàmú jù lẹ́yìn ìyẹn ni àìrígbẹ́yà. Omi á kọ̀ láti jáde, jìnnìjìnnì á mú aláìsàn pé rọ́bà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìfun tó kún ló ti ẹnu rọ́bà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà ká tàbí ẹ jókòó lé e. Ẹ yí ara padà, ẹ rìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lo òògùn ìgbẹ́ tí wọ́n kọ fún yín. Bí ẹ bá rí òwú funfun nínú omi, nọ́ọ̀sì lè fi hẹ́párínì, òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sí i. Bí èjìká bá ń ro yín lẹ́yìn tí omi wọlé, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wà ńbẹ̀. Ojú ibi tí rọ́bà ti yọ síta ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́: omi, ọṣẹ, ìpara apakòkòrò tí dókítà kọ, kí ẹ sì fi bándéjì dè é mọ́ ara kó má baà máa fà.

Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí fídíò kì í sábà sọ. Ṣúgà inú omi ń wọ ara, èèyàn lè sanra, ìwọ̀n insulín tó ń lò sì lè yí padà. Omi kan wà tí wọ́n ń pè ní icodextrin, tó máa ń jókòó fún wákàtí púpọ̀; ó lè mú kí àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà kan ka nọ́ńbà gíga tí kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gún insulín lè dákú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ mú ẹ̀rọ yín wá kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti oúnjẹ, ẹni tó ń lọ sídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ń ṣọ́ iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì nítorí pòtásíọ̀mù. Ẹni tó ń ṣe ti inú ikùn lójoojúmọ́ sábà máa ń ní àyè díẹ̀ sí i níbẹ̀, àmọ́ púrótéènì ń bá omi jáde lára rẹ̀, ẹyin, ẹja àti ẹran adìẹ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Iyọ̀ àti Maggi, ọ̀tá gbogbo wọn ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dáyálísísì ilé kò gba àkókò. Ìgbà 4 ní ìṣẹ́jú 30, wákàtí 2 lójúmọ́ ni, 14 lọ́sẹ̀. Ti ilé ìwòsàn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní wákàtí 4, ìyẹn 12, láìka ọkọ̀, ìdúródè àti àárẹ̀ tó máa ń báni wálé. Kì í ṣe pé wákàtí dín kù, pé ẹ̀yin lẹ ni ín ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán lè yan APD, ẹ̀rọ kékeré tó ń pààrọ̀ omi fúnra rẹ̀ lóru fún wákàtí 8 sí 10. Lójú tiwa, òun ló bá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mu, bí ariwo rẹ̀ kò bá dí ẹnì kejì yín lọ́wọ́ oorun.

Dáyálísísì ẹ̀jẹ̀ nílé tún yàtọ̀. Ẹ ó kọ́ bí ẹ ṣe máa gún físítúlà fúnra yín, ẹ̀kọ́ náà lè gba oṣù mélòó kan, ẹ ó sì nílò àyè fún ẹ̀rọ àti, fún irú ẹ̀rọ kan, páìpù àti ẹ̀rọ asẹ́mi. Bí ilé àyágbé ni, onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. NHS ń dá owó iná àti omi tó lé padà. Ẹ béèrè, nítorí wọn kì í sábà kéde rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ yọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ohun tí ń dún bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án sídìí apá.

Ta ni kò lè ṣe ti inú ikùn? Ẹni tí iṣẹ́ abẹ ńlá ti lẹ ikùn rẹ̀ pọ̀, tàbí tó ní ìpákè tí wọn kò tíì tún ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ lára rẹ̀ kì í sábà bọ́ sí ìyẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń rán olùrànlọ́wọ́ wá sílé láti to ẹ̀rọ APD fún un. Kò yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di ẹrù dandan fún ọmọbìnrin ilé, èyí tí a máa ń rí jù láàárín àwọn èèyàn wa. Kí ọmọ tó máa ṣèrànwọ́ wà níbi ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó sì lẹ́nu láti sọ pé òun kò lè ṣe é.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, nítorí náà ẹ̀kọ́ Yorùbá tí a ń wí gbọ́dọ̀ sọ ti ìrọ́pò kíndìnrín, ti ilé ìwòsàn, àti ti ìtọ́jú láìṣe dáyálísísì fún àgbàlagbà tí ó bá yàn án. Kí fídíò kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú 5 sí 7 lọ, ọ̀ràn kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ohùn nìkan sì wà tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìjẹ dátà púpọ̀. Ọwọ́ gidi ni kó ṣe iṣẹ́ náà, títí kan ibi tí omi ti kọ̀ tí kò jáde. Kí wọ́n kọ ẹni tó san owó fídíò náà sórí rẹ̀, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta omi àti ẹ̀rọ náà ń ṣe fídíò. Lẹ́yìn tí aláìsàn bá wò ó tán, kí nọ́ọ̀sì pè é lójúkojú lórí fóònù, kó ní kó ṣàlàyé padà: “Mámà, bí omi bá dà bí omi ògì lóru, ta lẹ máa pè?” Láìsí ìpè yìí, fídíò á kàn kọjá lójú ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ ìdíwọ́, ilé ìwòsàn ló máa wá ògbufọ̀; ẹ má fi ọmọ ọdún 12 ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń ta àgbo “tí ń fọ kíndìnrín” ti wà lórí WhatsApp ní Yorùbá tó dán mọ́rán. Àwa ni a kò tíì débẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà: láti 2010 ni Medicare, ètò ìdójútòfò ìlera ìjọba níbẹ̀, ti ń san owó ìjókòó ẹ̀kọ́ kíndìnrín 6 fún ẹni tó wà ní ìpele kẹrin, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dáyálísísì ilé kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pé lè rí ìdójútòfò Medicare gbà láti oṣù tó bẹ̀rẹ̀ dáyálísísì, láìdúró de oṣù kẹrin.

Àwọn tó wà nílé yóò ní, àwa ńkọ́? Kì í ṣe iná mànàmáná ló dí dáyálísísì inú ikùn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, torí CAPD kò nílò iná àfi láti mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi náà gan-an ni wàhálà: òkèèrè ló ti ń wá, ó wọ́n, ó sì lè tán lójijì. Owó tí ìjọba àpapọ̀ dín kù ní 2025, láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn kan bíi UCH Ìbàdàn, LUTH àti FMC Abẹ́òkúta, ti fífọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ni. Hong Kong fi dáyálísísì inú ikùn ṣáájú láti 1985, Thailand ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008. Níbẹ̀, ìjọba ló ń gbé owó omi. Fídíò kò lè rọ́pò omi. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ APD lókèèrè ránṣẹ́ sí bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó máa ta omi tó bá ẹ̀rọ náà mu fún un lóṣooṣù, àti nọ́ọ̀sì tó máa gbé fóònù bí omi bá dàrú. Ẹni tó sì ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ lọ sílé fún ọdún Kérésì, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì títí wọn yóò fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé omi máa dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin olóòtú, bí ẹ bá lè fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìdajì ojú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara kà á sórí ìkànnì yín, àwa á kọ ọ́, a ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, a kò sì ní gba kọ́bọ̀. Àpò omi àti bí a ṣe ń wò ó ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Àwa nọ́ọ̀sì dáyálísísì ilé kan,
Lọ́ńdọ̀nù